Ìpè Nínú Èéfín

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin kì í jẹ́ ìpè ẹni tí wọn ò bá rí. Ẹ lè pè wọ́n láti yàrá kejì títí ọ̀nà ọ̀fun yín á fi gbẹ, wọn ò ní dún. Àfi kí ẹ dìde, kí ẹ lọ dúró síwájú wọn. Ìgbà yẹn ni wọ́n á tó ní, "Kí ló dé tí o ń pariwo? Mo ti gbọ́." Ìyá wa ló kọ́ wa bẹ́ẹ̀ ní Abẹ́òkúta, nílé wa tó wà lẹ́bàá ojú irin ní Láfẹ́nwá. Ìyá máa ń sọ pé ohùn tó bá pè ọ́ tí o ò rí ẹni tó ni ín, má jẹ́ ẹ, má bojú wẹ̀yìn, ṣe bísímílà kí o máa bá tìẹ lọ. Èmi ti pa òfin yẹn tì tipẹ́, torí orí fóònù ni gbogbo ayé mi wà. Ẹ̀gbọ́n mi ò pa á tì. Ọmọ wọn obìnrin tí wọ́n bí sí Berlin máa ń fapá jánú: "Papa hört nie!", pé bàbá òun kì í gbọ́ nǹkan kan. Èmi á sì dá a lóhùn pé kì í ṣe etí ló ń yọ bàbá rẹ lẹ́nu, agídí ni.

Neukölln ní Berlin ni ẹ̀gbọ́n mi ń gbé, èmi ń gbé ní Wilhelmsburg, ní Hamburg níbí. Ọkọ̀ ojú irin ló ń mú wa ríra déédéé. Bàbá wa ṣiṣẹ́ rélùwéè. Àwọn ló ń fi ṣọ́bìrì da èédú sínú iná ẹ́ńjìnnì kí omi lè hó, kí ọkọ̀ lè rìn. Ẹ̀gbọ́n mi bá ìgbà yẹn, bàbá máa ń mú wọn dání lọ sí ọgbà rélùwéè. Kí wọ́n tó bí èmi, dísẹ̀lì ti gba ibẹ̀, bàbá sì kú kí n tó dá ojú wọn mọ̀ dáadáa. Kò sí fọ́tò wọn kankan nílẹ̀. Omíyalé gbé àpótí tí fọ́tò wà nínú rẹ̀ lọ.

Àwọn Òyìnbó kan wà níbí tí wọ́n fẹ́ràn ẹ́ńjìnnì èédú àtijọ́. Wọ́n á tún un ṣe, wọ́n á kùn ún lọ́dà, wọ́n á sì fi fa èrò láàárín Berlin àti Hamburg láwọn Sátidé kan, kí àwọn arúgbó lè jókòó sínú rẹ̀ máa mu kọfí, kí àwọn ọmọdé sì máa juwọ́. Ẹ̀gbọ́n mi kì í wọ̀ ọ́. Wọ́n ní ẹni tó bá wà nínú ọkọ̀ ò lè rí ọkọ̀. Lílé ni wọ́n ń lé e. Wọ́n á ya fọ́tò rẹ̀ níbì kan, wọ́n á sá wọ mọ́tò, wọ́n á gba ọ̀nà abúlé kí wọ́n lè ṣíwájú rẹ̀, wọ́n á tún gbé kámẹ́rà kalẹ̀. Bí n kò bá ti ní Schicht, ìyẹn àsìkò iṣẹ́ mi, lọ́jọ́ náà, èmi náà á bá wọn lọ. Kò kúkú sí ohun tí mo mọ̀ nípa kámẹ́rà. Ẹjọ́ rírò lójú ọ̀nà àti oúnjẹ jíjẹ ló ń gbé mi lọ.

Lọ́dún kan, bí ooru ṣe ń wọlé bọ̀, ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í fura. Ẹ̀gbọ́n mi da tíì, ó bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́ọ̀bù. Wọ́n ní ọwọ́ ló gbọ̀n. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n fi fọ́tò ẹ́ńjìnnì kan ránṣẹ́ sí mi, ìgbọ̀nwọ́ ẹnìkan sì wà létí rẹ̀ gbàgàdà. Ẹ̀gbọ́n mi tí kì í gba koríko láyè létí fọ́tò! Mo pè wọ́n, mo fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀: "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ìgbọ̀nwọ́ Òyìnbó yìí náà ń jẹ èédú ni?" Wọn ò rẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn náà la jọ wà nínú mọ́tò, àwọn ni wọ́n ń wà á. Ìyá àgbàlagbà kan ń gun kẹ̀kẹ́ bọ̀ lápá ọ̀tún, gbangba báyìí, pẹ̀lú àṣíborí pupa lórí. Ẹ̀gbọ́n mi ò dẹsẹ̀ dúró. Mo figbe ta, wọ́n tẹ bíréèkì, ìyá náà sì bú wa ní gbogbo Jámánì tó mọ̀. "Níbo ló ti yọ?" ni wọ́n ń bi mí. Níbo ló ti yọ kẹ̀? Ìyá náà ti wà níbẹ̀ látìgbà tá a ti ń bọ̀! Nígbà tá a dé ilé epo, wọ́n ju kọ́kọ́rọ́ sí mi, wọ́n ní orúnkún ń dùn wọ́n. Mo wo orúnkún náà. Kò sóhun tó ṣe é.

Ibi tí mo ti ń wá aṣọ tí wọ́n fi ń nu ojú kámẹ́rà nínú báàgì wọn ni mo ti rí ìgò oògùn kékeré kan. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Irú oògùn yẹn gan-an ni mò ń kán sójú àwọn arúgbó láràárọ̀. Mo gbé e sókè.

"Ẹ̀gbọ́n, kí lèyí?"

"Eruku ni. Eruku ń kó sí mi lójú."

"Eruku kẹ̀? Ta lẹ fẹ́ tàn jẹ?"

Wọ́n mí kanlẹ̀. Wọ́n wá sọ fún mi pé Augenarzt, dókítà ojú, ti rí i tipẹ́, pé àrùn náà ń jẹ ojú láti ẹ̀gbẹ́ wá sí àárín, pé oògùn lè dá a dúró díẹ̀, àmọ́ èyí tó ti lọ ti lọ nìyẹn. Wọ́n ní bí ẹni ń wo ayé láti inú páìpù ni, páìpù ọ̀hún sì ń há sí i. Wọ́n ní kí n má sọ fún ọmọ wọn. Mo bi wọ́n pé kí ló wá dé tí wọ́n ṣì ń sáré lé ọkọ̀ kiri.

"Ẹni tó ń da èédú máa ń yọ orí síta bí ọkọ̀ bá ń bọ̀," ni wọ́n wí. "Bàbá máa ń yọ orí bẹ́ẹ̀, ojú wọn á dúdú fún èédú, eyín wọn á sì funfun. Fọ́tò ẹni tó yọ orí bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ yà, ẹyọ kan péré, kó mọ́ kedere, kí n fi ojú ara mi yà á. Nínú àwa ọmọ, ojú mi yìí nìkan ló rí bàbá lórí ẹ́ńjìnnì. Tó bá lọ, ta ló tún rí wọn?"

Mo kán oògùn náà sí wọn lójú níbẹ̀, nínú mọ́tò, bí mo ti ń ṣe fún àwọn arúgbó mi.

Nígbà tí ewé ń wọ́, ọkọ̀ náà tún jáde. Ọ̀nà kékeré kan tó gba àárín oko kọjá ló máa gbà lọ́jọ́ náà, ojú irin méjì, pẹ̀lú Bahnübergang kan níbi tí ọ̀nà mọ́tò ti ré e kọjá. Kùrukùru bolẹ̀, kò jọ pé oòrùn máa ràn. Àwọn ayàwòrán ti tò lórí koríko nígbà tá a débẹ̀. Wọ́n ní òfin tiwọn: ẹnikẹ́ni kì í kọjá ìlà tí wọ́n tò sí, ẹni tó bá kọjá á gbọ́ èébú. Ẹ̀gbọ́n mi wá àyè sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkùnrin onírùngbọ̀n kan, wọ́n sì fẹsẹ̀ kọ ẹsẹ̀ kámẹ́rà rẹ̀. Onírùngbọ̀n náà bínú. Wọ́n bẹ̀ ẹ́, síbẹ̀ wọ́n tún fẹsẹ̀ kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ayatul-kúrísíyù lábẹ́ ahọ́n, mi ò sì mọ ohun tí mò ń kà á sí.

Agogo dún, ọ̀pá funfun òun pupa wálẹ̀. Ìdajì ọ̀nà ni ọ̀pá yẹn ń dí, ẹni tó bá fẹ́ lè yí i po. Ẹ́ńjìnnì náà fọn fèrè láti ọ̀nà jíjìn, ilẹ̀ ń gbọ̀n lábẹ́ bàtà mi, ó wá yọ. Ó dúdú, ó tóbi, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Àmọ́ afẹ́fẹ́ ò jẹ́ kí èéfín rẹ̀ gòkè. Ó dà á bolẹ̀, ó bo ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì, ó sì bo ẹni tó ń da èédú bó ṣe ń yọ orí. Kámẹ́rà ń dún kẹ́kẹ́kẹ́ yí mi ká. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ohùn ẹ̀gbọ́n mi: "Kò sí i. Mi ò rí i."

Ẹni tó bá mọ eré yìí mọ̀ pé bí iwájú ọkọ̀ bá bọ́ mọ́ ẹ lọ́wọ́, o ṣì lè rí ẹ̀yìn rẹ̀ yà bí o bá tètè sọdá. Ọkọ̀ náà ti kọjá tán. Ẹ̀gbọ́n mi já kámẹ́rà kúrò lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, wọ́n fi okùn rẹ̀ kọ́rùn, wọ́n yí ọ̀pá náà po, wọ́n sì wọnú èéfín lọ. Agogo ò tíì dákẹ́. Èmi náà kọ́kọ́ rò pé ti ọkọ̀ tó kọjá yẹn ni kò tíì parí. Mo wá rí iná nínú kùrukùru, lórí ojú irin kejì. Ó ń bọ̀ láti ẹ̀gbẹ́, níbi tí ojú wọn ò ti ríran mọ́.

"Ẹ̀gbọ́n! Ẹ̀gbọ́n mi o! Ẹ dúró!"

Wọ́n gbọ́. Mo mọ̀ pé wọ́n gbọ́, torí mo rí i tí èjìká wọn le gbagidi. Wọ́n yíjú díẹ̀ sọ́tùn-ún, díẹ̀ sósì, wọn ò rí nǹkan kan ju èéfín lọ. Wọn ò jẹ́. Wọn ò bojú wẹ̀yìn. Wọ́n gbé ẹsẹ̀ síwájú, bí ìyá wa ti kọ́ wa.

Yéè! Mi ò mọ ìgbà tí mo sáré. Okùn kámẹ́rà ni ọwọ́ mi bà, mo fi gbogbo agbára mi fà á, àwa méjèèjì sì ṣubú sẹ́yìn lé ara wa. Ọkọ̀ ojú irin tó ń lo iná mànàmáná kọjá ní iwájú ẹsẹ̀ wa. Kò léèéfín, kò pariwo àfi ìgbà tó dé ọ̀dọ̀ wa gan-an, afẹ́fẹ́ rẹ̀ sì ká fìlà wọn lọ.

Onírùngbọ̀n tó bínú lẹ́ẹ̀kan ló gbé omi wá fún wa. A jókòó sórí koríko, ẹ̀gbọ́n mi ń nu ẹrẹ̀ kúrò lára kámẹ́rà.

"Mo gbọ́ ọ," ni wọ́n sọ.

"Ẹ gbọ́? Ẹ gbọ́, ẹ sì ń lọ? Ṣé orí yín pé báyìí?" Mi ò fi irú ohùn bẹ́ẹ̀ bá wọn sọ̀rọ̀ rí láyé mi.

"Mo wá ọ, mi ò rí ọ. Ohùn lásán ni."

Inú bí mi, ẹkún sì gbọ̀n mí. Mo ní, "Láti òní lọ, bí mo bá pè yín, ẹ máa jẹ́ mi, ẹ rí mi o, ẹ ò rí mi o." Wọ́n mi orí.

"Ọjọ́ tí mo bá ń jẹ́ ìpè ẹni tí mi ò rí," ni wọ́n wí, "a jẹ́ pé mo ti gbà pé ojú ti lọ nìyẹn."

Lọ́jọ́ yẹn náà ni mo sọ fún ọmọ wọn. Wọ́n bínú sí mi, wọn ò gbé fóònù mi fún ìgbà díẹ̀. Kí wọ́n bínú. Ẹni tó wà láàyè ló ń bínú. Nígbà tí ọkọ̀ náà tún wá sí Hamburg nínú òtútù, èmi àti ọmọ náà dúró tì wọ́n lórí Bahnsteig, níbi tí èrò ti ń wọkọ̀, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, a di jákẹ́ẹ̀tì wọn mú ṣinṣin. Wọ́n yà á. Ìdajì ẹ́ńjìnnì bọ́ sí ìta fọ́tò náà, ṣùgbọ́n láàárín gbùngbùn rẹ̀ ni ọkùnrin kan ti yọ orí síta, ojú rẹ̀ dúdú fún èédú, eyín rẹ̀ funfun. Òyìnbó ni o, àmọ́ ẹ̀gbọ́n mi wò ó títí, wọ́n ní, "Bí wọ́n ṣe máa ń yọ orí gẹ́lẹ́ nìyí." Wọ́n fi gíláàsì sí i, wọ́n gbé e kọ́ sí pálọ̀ wọn ní Neukölln.

Ọ̀sán ọjọ́ Sunday kan láìpẹ́ yìí, mo gbé mọ́ín-mọ́ín lọ kí wọn. Mo ní kọ́kọ́rọ́ ilé wọn lọ́wọ́. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ń bọ́ bàtà, mo sì fẹ́ fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀ bí mo ti máa ń ṣe. Mo pariwo láti pásééjì: "Ẹ̀gbọ́n! Ẹ̀gbọ́n mi o!" Mo ti ń múra láti lọ dúró síwájú wọn, kí wọ́n bi mí pé kí ló dé tí mò ń pariwo.

"Hẹ́ẹ̀n," ni ohùn wọn dáhùn láti inú pálọ̀. "Mo wà níbí. Máa bọ̀."

Bàtà kan wà lẹ́sẹ̀ mi, ọ̀kan wà lọ́wọ́ mi. Mo jókòó sílẹ̀ níbẹ̀, mo fi híjáàbù mi bo ẹnu kí wọ́n má baà gbọ́ ẹkún mi, ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́ ọ.

"Ó tó, dìde," ni wọ́n wí. "Wọlé wá bá mi wo fọ́tò yẹn. Ṣé ó gún lára ògiri?"

Mo wọlé. Wọ́n jókòó, wọ́n kọjú sí ògiri náà. Fọ́tò ọ̀hún ti wọ́ díẹ̀ sápá òsì. Mo tún un ṣe.

"Ó gún, Ẹ̀gbọ́n," ni mo wí.