Ọjọ́ Tí Wọ́n Gé Gìgísẹ̀ Bàtà Mi

Bí o bá dé ọjà Pọ́bẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ ọjà, kí oòrùn tó mú, òórùn bàtà àlòkù ni yóò kọ́kọ́ pàdé rẹ kí o tó rí ẹni tó ń tà á. Òórùn awọ tó ti pẹ́ nínú àpò, tí kàfúrà dà pọ̀ mọ́, tí eruku pupa sì bà lé. Àwọn mìíràn a máa fi ọwọ́ bo imú kọjá. Ní tèmi, àyà mi a máa sọ kì kì bí ẹni tó gbọ́ ohùn àfẹ́sọ́nà rẹ̀ lẹ́yìnkùlé. Màá ká ìró mi sókè díẹ̀, màá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níbi tí ìyá oníbàtà ti ń tú àpò, màá sì máa yẹ̀ wọ́n wò: èyí tí imú rẹ̀ rí ṣóńṣó, èyí tí okùn rẹ̀ yí ọrùn ẹsẹ̀ ká, èyí tó ga débi pé bí o bá wọ̀ ọ́, o ó rí ohun tí aládùúgbò rẹ ń sè lẹ́yìn ọgbà. Ìwọ náà mọ̀ mí, a jọ kọ́ṣẹ́ irun ni. O mọ̀ pé bí ebi bá ń pa mí tí mo sì rí bàtà tó wù mí, bàtà ni n ó rà.

Inú oko ni wọ́n bí mi sí, ní apá Tówé, níbi tí ilẹ̀ dúdú ti máa ń di ẹrẹ̀ tó ń lẹ̀ mọ́ni lásìkò òjò, tí yóò sì la bí àwo fífọ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹsẹ̀ ìyá mi náà la bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá na ẹsẹ̀ lórí ẹní ní ìrọ̀lẹ́, ojú mi a ṣèèṣì bọ́ sí gìgísẹ̀ wọn, màá sì yára gbé e kúrò níbẹ̀. Kò sí ẹni tó kọ́ mi ní ìfẹ́ bàtà. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ lára iṣẹ́ ọwọ́ mi, mo kàn rí i pé bí mo bá wọ bàtà gogoro, tí gìgísẹ̀ rẹ̀ ń dún lórí sìmẹ́ńtì, ẹ̀yìn mi a nà, ọ̀rọ̀ mi a sì já gaara. Ẹni tó bá pè é ní ìgbéraga, kó máa pè é bẹ́ẹ̀.

Ìró bàtà yìí ni ọkọ mi sọ pé òun kọ́kọ́ gbọ́ kí òun tó gbé ojú sókè wò mí. Ó ń tún rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ṣe ní Ṣakẹ́tẹ́. Ọkùnrin pẹ̀lẹ́ ni, kì í pariwo, kì í mutí. Mo tẹ̀lé e lọ síbẹ̀, mo ṣí ṣọ́ọ̀bù irun sí ẹ̀bá títì, a sì ń gbé ní agbo ilé wọn. Ohun tí n kò fojú sí ni pé obìnrin kan ti ni ọkùnrin yìí kí n tó dé. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni. Òun ló tọ́ ọ dàgbà nígbà tí ìyá wọn kú, òun náà ló sì kúrò nílé ọkọ tirẹ̀, tó padà wá jókòó sí ojúde náà bí aṣọ́bodè. Tàǹtí ni gbogbo ilé ń pè é, èmi náà sì ń pè é bẹ́ẹ̀. Mo mọ̀ pé ó yẹ kí n máa sọ "wọ́n" bí mo bá ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Má bínú, ẹnu mi kọ̀ ọ́.

Ọmọ ìjọ aláṣọ funfun ni ìdílé wọn, ìjọ tó bẹ̀rẹ̀ ní Àjàṣẹ́, àwọn tí kì í wọ bàtà bí wọ́n bá ti gbé aṣọ àdúrà wọ̀. N kò bá ìyẹn jà. Ohun tí oníkálukú fi ń sin Ọlọ́run, tirẹ̀ ni. Àmọ́ ọ̀rọ̀ Tàǹtí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àdúrà. Bí mo bá ń jáde lọ síbi iṣẹ́, ewúrẹ́ tó dùbúlẹ̀ sójúde ni yóò dojú ọ̀rọ̀ kọ. "Yàgò fún un," ni yóò wí, "ẹsẹ̀ ìyàwó wa ò fẹ́ kan ilẹ̀ ilé wa." Bí àlejò bá wà lọ́dọ̀ rẹ̀, yóò ní, "Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pọn ọmọ, òun ń tọ́jú bàtà." A kò tíì bímọ nígbà náà, ọ̀rọ̀ yẹn sì máa ń wọ̀ mí lára dé eegun. Èmi náà kì í ṣe òkú. Bí mo bá ń kọjá níwájú rẹ̀, mo máa ń fi gìgísẹ̀ tẹ sìmẹ́ńtì náà kíkankíkan, kó lè mọ̀ pé mo gbọ́. Bí mo bá sì sọ fún ọkọ mi, ohun kan náà ló máa ń wí: "Ìwọ náà mọ bí wọ́n ṣe rí. Fara dà á." N kò gbọ́ kó sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rí pé kó fara dà mí.

Ọjọ́ ìkórè ìjọ wọn ni ọ̀rọ̀ náà bọ́ sójú agbo. Mo ti lọ sí Pọ́bẹ̀ ṣáájú ọjọ́ náà, mo sì ti rí bàtà kan tó dá mi dúró láàárín ọjà. Àwọ̀ rẹ̀ dà bí awẹ́ obì pupa, gìgísẹ̀ rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ìdè kékeré aláwọ̀ wúrà sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìyá oníbàtà tẹ́ páálí sílẹ̀ fún mi kí n dúró lé e lórí. Ó wò mí, ó ní, "Ẹsẹ̀ rẹ ni eléyìí ń wá bọ̀ láti òkè òkun." Ó mọ bí wọ́n ṣe ń tajà, mo mọ̀, síbẹ̀ mo gbà á gbọ́.

Wọn kò tíì gbé aṣọ àdúrà wọ̀ mí nínú ìjọ náà, nítorí náà bùbá àti ìró ni mo wọ̀ lọ, pẹ̀lú bàtà tuntun mi. Mo bọ́ ọ sí ẹ̀bá ọgbà gẹ́gẹ́ bí gbogbo àlejò ṣe bọ́ tiwọn, mo sì wọlé. Òórùn tùràrí, àbẹ́là, ọ̀pẹ̀ òyìnbó àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n kún inú ilé náà. Láàárín orin, mo rí Tàǹtí tó dìde níbi tí àwọn obìnrin jókòó sí, tó jáde. Mo rò pé ó lọ wo àwọn tó ń la igi ìdáná lẹ́yìn ilé ni. Nígbà tó padà, ó jókòó, ó sì ń kọrin lọ. Ojú rẹ̀ tutù bí omi àmù.

Nígbà tí a jáde, mo rí bàtà mi láàárín sálúbàtà àwọn èèyàn. Kò ní gìgísẹ̀ mọ́. Imú rẹ̀ méjèèjì wo òkè bí imú ajá tó ń gbóòórùn nǹkan, ìṣó sì yọ jáde ní abẹ́ rẹ̀. Àdá ni wọ́n fi gé e. Ẹni tó gé e kò tilẹ̀ ju gìgísẹ̀ náà nù. Ó tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ bàtà náà, létòlétò, kí n má baà ṣì í mọ̀.

Mo bèèrè ẹni tó ṣe é. N kò pariwo. Tàǹtí bọ́ síwájú nínú aṣọ funfun rẹ̀.

"Èmi ni. Mo sọ̀ ọ́ kalẹ̀ síbi tí gbogbo wa wà."

Àgbà kan nínú ìjọ náà mi orí, ó ní, "Ìyá, a kò rán yín ní irú iṣẹ́ yìí." Tàǹtí dá a lóhùn pé ọ̀rọ̀ ilé àwọn ni. Ìyẹn ló là mí lẹ́nu.

"Tàǹtí," ni mo wí, "bí ẹ tiẹ̀ gé gìgísẹ̀ tèmi gan-an, ẹ̀yin kò ní ga sí i."

Ó gbé ọwọ́ sókè, kò sì sọ ọ́ kalẹ̀ sára mi, nítorí ọkọ mi ti ya àwọn èèyàn kọjá. Mo ronú pé ó tó gẹ́ẹ́, pé òní ni ọkọ mi yóò sọ̀rọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó mú bàtà náà, ó fi áńkáṣíìfù rẹ̀ nu eruku ara rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó sì gbé e síwájú ẹsẹ̀ mi.

"Wọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀ ká máa lọ," ló wí. "Ó ṣì ṣe é wọ̀. Kí o sì bẹ̀ wọ́n, àgbà ni wọ́n."

N kò wọ̀ ọ́, n kò sì bẹ ẹnikẹ́ni. Mo fi ẹsẹ̀ lásán rìn jáde kúrò nínú ọgbà náà lórí ilẹ̀ pupa tó ti gbóná, mo gun alùpùpù akérò tí à ń pè ní sẹ́mí, ó di Tówé. Ìyá mi ń ṣa ẹ̀wà lójúde nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n wo ẹsẹ̀ mi kí wọ́n tó wo ojú mi.

"Ta ló bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀ rẹ?"

Mo ròyìn fún wọn. Mo ń retí kí wọ́n sọ pé ilé ọkọ kì í ṣe ibi tí à ń sá kúrò nítorí bàtà. Wọn kò sọ ọ́. Wọ́n ní, "Jẹ́ kí ọkọ rẹ wá fúnra rẹ̀. Ohun tó bá mú wá la ó fi mọ̀ ọ́n."

Ó wá lóòótọ́, nígbà tí oṣù náà ń lọ sópin, ó sì mú ọ̀rá dúdú kan lọ́wọ́. Bàtà tuntun ló wà nínú rẹ̀, pẹlẹbẹ, dúdú, irú èyí tí èèyàn ń wọ̀ lọ síbi omi. Mo ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Ẹsẹ̀ mi sọnù sínú rẹ̀.

Mo bi í pé, "Ta ló bá ọ yàn án?"

"Tàǹtí ni. Wọ́n ní irú èyí ló yẹ obìnrin ilé. Wọ́n fi ẹsẹ̀ tiwọn wọ̀n ọ́n."

"Ìwọ ńkọ́, nọ́mbà wo ni mò ń wọ̀?"

Ó wo ilẹ̀. Ó wo ìyá mi, bí ẹni pé wọ́n á bá a sọ ọ́. Ọkùnrin tí ìró bàtà mi mú gbé ojú sókè, tí a ti jọ ń gbé láti ọdún pípẹ́, tí bàtà mi sì kún ẹ̀bá bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, kò mọ nọ́mbà ẹsẹ̀ mi. Mo dá bàtà náà padà sínú ọ̀rá, mo sì gbé e lé e lọ́wọ́. Mo ní, "Bá mi kí Tàǹtí. Tiwọn ni o rà." Ibẹ̀ ni ìgbéyàwó wa parí sí.

Àwọn èèyàn ṣì máa ń bi mí ohun tí ọkùnrin náà ṣe. Wọ́n ní kò lù mí, kò fẹ́ ẹlòmíì lé mi, wọ́n sì ní mo jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lé mi kúrò nílé. Kì í ṣe Tàǹtí ló lé mi. N kò fẹ́ràn rẹ̀ títí di òní, òun náà kò fẹ́ràn mi, n kò sì bẹ Ọlọ́run pé kó tún un ṣe. Ṣùgbọ́n obìnrin yẹn sọ pé òun ni, lójú gbogbo ayé. Mo mọ ibi tí mo ti lè kọjú ìjà sí i. Àlàáfíà ni ọkọ mi ń wá, èmi ló sì fẹ́ kí n máa tiro kiri kí ọwọ́ rẹ̀ lè tẹ̀ ẹ́. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ìwà pẹ̀lẹ́ náà lè jẹ́ ọ̀tá.

Pọ́bẹ̀ ni ṣọ́ọ̀bù mi wà báyìí. Bí mo bá pàdé Tàǹtí lọ́nà ọjà, a máa ń wo ara wa lójú títí ọ̀kan nínú wa yóò fi kọjá. Bí mo bá pàdé ọkọ mi àtijọ́, ilẹ̀ ló máa ń wò.