Irin Tí Tíṣà Olúdayọ̀ Lù Lásán

Bí ẹ bá wọ àdúgbò Ìrètí ní Ìgàndò ní nǹkan bí ọdún 1992, lẹ́yìn tí oòrùn bá ti yọ dáadáa, ẹ ó rò pé wọ́n ti kó gbogbo ará ibẹ̀ lọ sógun ni. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ti lọ, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ oṣù ti lọ. Wọ́n ti fẹsẹ̀ rin ọ̀nà ẹlẹ́rẹ̀ dé títì, wọ́n ti gba Ẹ̀gbẹ́dá kọjá, wọ́n ti ń fa ara wọn láṣọ ya ní Dópẹ́mù kí wọ́n lè ráyè wọkọ̀. Ohun tó kù lẹ́yìn ni ilé tuntun, ilé aláìpé, àti búlọ́ọ̀kù tí koríko ti hù bò. Olè náà sì mọ̀. Ẹ má rò pé olè òru ni mo ń wí o. Olè Ìgàndò ìgbà yẹn, ọ̀sán gangan ló ń ṣiṣẹ́ tirẹ̀, á wọ aṣọ tó mọ́, á sì máa kí ènìyàn lọ lójú ọ̀nà.

Ìdí nìyẹn tí ẹgbẹ́ onílé fi pàṣẹ pé kí ilé kọ̀ọ̀kan so ríìmù ọkọ̀ àlòkù kan mọ́ òrùlé ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bí o bá rí olè, mú irin, lu ríìmù náà, gbàn, gbàn, gbàn! Ẹnikẹ́ni tó bá wà nílé, ì báà jẹ́ aránṣọ tàbí ẹni tó ti fẹ̀yìn tì, gbọ́dọ̀ sáré jáde pẹ̀lú ohun tí ọwọ́ rẹ̀ bá bà. Ẹni tó bá sì lù ú lásán, á gé koríko ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Bó bá tún un ṣe, á kó ẹrẹ̀ inú gọ́tà. Bó bá di ẹlẹ́ẹ̀kẹta, wọ́n á tú ríìmù rẹ̀ lọ, ilé rẹ̀ ò sí lára ilé tí àdúgbò ń sáré sí mọ́ nìyẹn. Òfin tó le ni, ṣùgbọ́n ẹ má dá wọn lẹ́bi jàre. Ẹni tó bá ti sáré jáde títí nítorí ológbò, ara rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí kàn jù ni Simeon Olúdayọ̀, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Tíṣà. Ọmọ Èkìtì ni, ó sì ti fi ọjọ́ ayé rẹ̀ kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní ìwé kí ó tó fẹ̀yìn tì. Òun àti Mojísọ́lá ìyàwó rẹ̀ ni wọ́n jọ kọ́ ilé náà díẹ̀díẹ̀, àwọn méjèèjì ló máa ń wá láti Agége lọ́jọ́ Sátidé láti bu omi sí búlọ́ọ̀kù. Mojísọ́lá ló yan ibi tí fèrèsé máa wà. Kò gbé inú ilé náà pẹ́ tí ẹ̀jẹ̀ ríru fi mú un lọ. Olúfúnkẹ́, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, ti bá ọkọ rẹ̀ lọ sí Kàdúná, ó sì di ẹni tí wọ́n ń rí ní Kérésìmesì.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí, n kì í pọ́n ọ̀rọ̀ lá: ìdáwà ń pa ọkùnrin yẹn. Nígbà ọ̀fọ̀, ilé kún dé ìta. Wọ́n ń wí pé ẹ kú àṣẹ̀yìndè, Ọlọ́run á jẹ́ kó jìnnà síra. Nígbà tí wọ́n ṣe ogójì ọjọ́ tán, wọ́n kó àga padà, kálukú gba ilé rẹ̀ lọ. Ṣebí àwa Yorùbá ní kíkí fún gbogbo nǹkan? A ń kí ẹni tó jókòó, a ń kí ẹni tó dúró, a ń kí ẹni tó dirun tuntun. Ẹni tó dá jókòó sí pálọ̀ tó ń gbọ́ bí aago ara ògiri ṣe ń rìn ńkọ́, kí ni wọ́n ń wí fún ìyẹn? Tíṣà á se ìrẹsì, á gbé àwo méjì kalẹ̀, á wo àwo kejì títí, á sì dá a padà. Lẹ́yìn náà á lọ dúró sẹ́nu géètì, bóyá ẹnì kan á kọjá.

Ìgbà àkọ́kọ́ tó lu irin, kò purọ́. Ó gbọ́ ariwo nílé ìdáná, ìkòkò ń wó lulẹ̀. Ó sáré dé ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó lu ríìmù. Kí ó tó mí, èèyàn ti dé! Ìyá Sìdíkátù, aránṣọ tó ń gbé ilé tó tẹ̀ lé tirẹ̀, dé pẹ̀lú àlùmọ́gàjí lọ́wọ́. Gbóyèga, ọmọ Oǹdó tó ń mọ búlọ́ọ̀kù, tó sì ń sùn nínú ilé aláìpé tó wà ní òdìkejì, dé pẹ̀lú ṣọ́bìrì. Àwọn yòókù rọ́ tẹ̀ lé wọn. Wọ́n já wọ ilé ìdáná, kí ni wọ́n bá níbẹ̀? Òbúkọ. Òbúkọ onírùngbọ̀n kan tó ń jẹ èèpo iṣu, tó sì ń wò wọ́n bíi pé àwọn ló wá jalè.

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. "Tíṣà, ẹ kú ewu o! Ẹ bá olóyè pàdé!" Ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé ẹni tó sáré wá gba ọmọnìkejì rẹ̀ kì í kàn yí ẹ̀yìn padà. Wọ́n jókòó, wọ́n mu omi, wọ́n ní orí ló yọ ọ́. Lọ́jọ́ kejì àwọn tí kò sí nílé náà ń yà kí wọ́n tó wọlé wọn, "Tíṣà, a gbọ́ o, ṣé ara ti balẹ̀?" Ìyá Sìdíkátù gbé mọ́ínmọ́ín wá. Tíṣà ń dáhùn, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sọ ìtàn òbúkọ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ fún gbogbo ẹni tó bá wọlé. Nígbà tí wọ́n ní kó gé koríko, kò kùn rárá. Ẹni tó bá ń gé koríko lẹ́bàá ọ̀nà, ta ni yóò kọjá tí kò ní í wí pé ẹ kú iṣẹ́?

Ìgbà kejì, atẹ́gùn ló gbá ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Ṣé Tíṣà mọ̀ pé atẹ́gùn ni? Ọkàn rẹ̀ sọ fún un, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ti na irin. Wọ́n tún wá, wọ́n tún jókòó, ó fi ìdùnnú kó ẹrẹ̀ gọ́tà.

Ìgbà kẹta, kò sí òbúkọ, kò sí atẹ́gùn. Ọ̀sán Ọjọ́rú kan ni, ilé sì dákẹ́ bí ilé tí wọ́n tì pa. Láti àárọ̀, kò sí ẹni tó bá Tíṣà sọ̀rọ̀, kódà ọlọ́jà kan ò polówó kọjá. Ó dìde, ó lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó lu irin. Nígbà tí wọ́n sáré dé, wọ́n ní, "Olè náà dà?" Tíṣà na ọwọ́ sí ẹ̀yìn, ó ní, "Ó ti fo ọgbà lọ." Wọ́n yí ẹ̀yìn ọgbà po. Òjò ti rọ̀ lálẹ́ àná, ilẹ̀ rọ̀ bí ẹ̀kọ, kò sì sí ipasẹ̀ kankan níbẹ̀, ì báà ṣe ti adìyẹ. Lọ́jọ́ náà, kò sí ẹni tó jókòó.

Ẹgbẹ́ ránṣẹ́ sí i pé àwọn ń bọ̀ wá tú ríìmù. Bó bá ní ẹjọ́ tó fẹ́ rò, kó wá rò ó lẹ́yìn ìmọ́tótó Sátidé. Jìnnìjìnnì bá Tíṣà. Kì í ṣe olè ló ń bà á lẹ́rù, ẹ gbọ́ ọ yé o. Ríìmù yẹn ló kù tó ń mú èèyàn wọ ilé rẹ̀. Bí wọ́n bá tú u lọ, ó ti tán nìyẹn.

Sátidé dé, wọ́n gbálẹ̀ tán, wọ́n kóra jọ sí abẹ́ páànù níwájú ilé alága, Ọ̀gbẹ́ni Báyọ̀dé. Ìyá Sìdíkátù ni wọ́n kọ́kọ́ pè, torí òun náà ti lu irin fún ẹni tó wá ka mítà iná, wọ́n sì ti ní kó lọ gé koríko. Ó dìde, ó tún gèlè rẹ̀ dì.

"Alága, ẹni tó ń yọjú lójú fèrèsé mi, tí kò kí mi, tó ń kọ nǹkan sínú ìwé, ṣé kí n kọ́kọ́ bi í léèrè pé ọmọ ta ni? Tó bá jẹ́ olè ńkọ́? Ẹ̀yin tí ẹ kì í gbélé, ṣé ẹ mọ ohun tójú wa ń rí? Àbí kí n gbé máṣíìnì mi fún un ná, kí n tó wá pè yín?"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kó jókòó, àwọn ti fojú fò ó. Ó jókòó, ó ń mi orí bí ẹni tó ṣẹ́gun.

Ó kan Tíṣà. Alága fẹ́ràn rẹ̀, ó fẹ́ ràn án lọ́wọ́, ó sì rọ ohùn sílẹ̀. "Tíṣà, àgbà lẹ jẹ́ fún wa. Ohun kan ṣoṣo la fẹ́ gbọ́. Lọ́jọ́ náà, ẹ rí ẹnì kan, àbí ẹ ò rí? Tí ẹ bá rí i, ọ̀rọ̀ ti parí, irin yín ò ní kúrò níbẹ̀."

Kí Tíṣà tó la ẹnu, Abraham, akọ̀wé ẹgbẹ́, ti dá sí i. "Ṣé kì í ṣe Gbóyèga ni? Mo ti ń sọ ọ́ tipẹ́. Ẹni tó ń sùn sílé tí kò ní ilẹ̀kùn, kí ló ń ṣọ́ níbẹ̀ lọ́sàn-án?"

Gbogbo ojú yí padà sẹ́yìn. Gbóyèga dúró níbẹ̀ pẹ̀lú ṣọ́bìrì tó fi kó ìdọ̀tí. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí wọ́n ń ṣe fún ẹni tí wọ́n bá pè lólè nígbà yẹn. Kí Ọlọ́run má jẹ́ ká rí i.

Tíṣà wò ó. "Bẹ́ẹ̀ ni" péré, ríìmù ò ní kúrò. Kódà wọ́n á bẹ̀ ẹ́, wọ́n á máa yà sọ́dọ̀ rẹ̀ lójoojúmọ́, wọ́n á ní ẹ kú ewu, ẹ kú orí ire.

"Mi ò rí ẹnì kankan," ló wí.

"Tíṣà, ẹ fara balẹ̀ rò ó."

"Mo ti rò ó, Alága. Kò sí olè. Ọmọ yìí ò ṣe nǹkan kan, irọ́ ni mo pa tí mo ní ẹnì kan fo ọgbà. Ilé dákẹ́ jù fún mi lọ́jọ́ náà, mo wá lu irin kí ẹ lè wá. Ẹ̀yin gan-an ni mo ń pè. Tí ẹ bá wá, ẹ máa ń jókòó, ẹ máa ń bá mi sọ̀rọ̀. Láti ìgbà tí Ìyá Fúnkẹ́ ti lọ, ẹ̀yin ará mi, ìdáwà yìí fẹ́ pa mí. Ẹ má bínú."

Ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ ẹ̀rín, ó tètè gbé e mì. Ìyá Sìdíkátù tẹjú mọ́lẹ̀. Abraham nìkan ló fọhùn, inú sì ń bí i: "Mo fi ìyàwó tó ń rọbí sílẹ̀ nílé sáré wá o, Tíṣà! Ìyàwó tó ń rọbí!" Òótọ́ ló sọ. Ẹnu ẹni la fi ń kọ mé jẹ. Tíṣà ti fi ẹnu ara rẹ̀ dá ara rẹ̀ lẹ́jọ́. Alága ní kí wọ́n túká.

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni alága wá, Gbóyèga sì gbé àkàbà tẹ̀ lé e. Tíṣà ti gbé àga síta, ó ti gbé omi tútù kalẹ̀. "Ẹ jókòó ná," ló wí. Alága ní ó ti tó, àwọn ò ní í pẹ́. Gbóyèga gun òkè, ó gé wáyà, ó gbé ríìmù sọ̀kalẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú Tíṣà, ó ní, "Ẹ ṣé, sà," ó sì gbé àkàbà rẹ̀ jáde wéré.

Ó ku alága. Ó gbé ríìmù náà dání, kò mọ bí òun ṣe máa lọ. "Tíṣà, ẹ má bínú sí mi. Òfin ni. Ohun tó ń dùn mí jù ni pé, tí olè bá wá sílé yìí lóòótọ́, ta ló máa wá bá yín?"

Tíṣà ronú sí i díẹ̀. "Ṣebí olè náà á ti wá, Alága."

Alága wo ojú rẹ̀ bóyá àwàdà ló ń ṣe. Kì í ṣe àwàdà. Ó gbé ríìmù lé èjìká, ó dé ẹnu géètì, ó yíjú padà, ó ní, "Ó dàárọ̀ o, Tíṣà." Bẹ́ẹ̀ oòrùn ṣì wà lókè gangan.

"Ó dàárọ̀, Alága," ni Tíṣà wí.