Awọ Ìdí Ìyàwó Mi

Ọ̀sẹ̀ kẹta rèé tí ìyàwó mi ti wà lórí bẹ́ẹ̀dì ní ilé ìwòsàn kan níbí ní Ìwó, nítorí egungun ìbàdí rẹ̀ tó ṣẹ́. Nọ́ọ̀sì lòun náà níbẹ̀ kó tó fẹ̀yìn tì. Egbò tí ìdùbúlẹ̀ pípẹ́ máa ń dá síni lára ló ń bà mí lẹ́rù. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ní ìdí ń ta òun.

Nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu iṣẹ́, ọmọ Kuta, kúnlẹ̀ kí wa. Ìyàwó mi ní, "Gbé sípíríìtì àti páúdà wá, kí o fi ra ibẹ̀ dáadáa."

"Màmá, ẹ máà bínú, a kì í ra á mọ́."

"Ta ni kì í ra á? Èmi ni mo kọ́ ọ̀gá rẹ bí wọ́n ṣe ń ra á!"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mà. Àmọ́ àwọn tó ṣèwádìí rẹ̀ rí i pé bí a bá ń ra á, ńṣe là ń ba awọ náà jẹ́ sí i. Yíyí ni kí á máa yí yín láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì."

"Ìwé lo fẹ́ fi tọ́jú mi?"

"Ìwé, ohun tí ojú tèmi ti rí, àti ohun tí ẹ̀yin alára bá fẹ́. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n ń wò báyìí kí wọ́n tó sọ pé nọ́ọ̀sì mọṣẹ́."

Ìyàwó mi yíjú sí mi. "Baálé mi, ẹ̀yin tẹ́ ẹ lọ yunifásítì, ẹ bá mi dá a lóhùn."

Nígbà tí èmi àtàwọn ọ̀rẹ́ mi wà ní yunifásítì, abẹ́ igi mángòrò la ti ń jiyàn títí ilẹ̀ á fi ṣú, kò sì sẹ́ni tí mi ò bi pé, "Kí lẹ̀rí rẹ̀?" N kò mọ ìgbà tí mo bọ́ ìwà yẹn sílẹ̀.

Ọmọ Kuta náà fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ibi tó ń ta ìyàwó mi. "Ìwé ní kí a máa wá ibi tó bá pọ́n. Àmọ́ pípọ́n kì í hàn lára aláwọ̀ dúdú, Mà. Gbígbóná la fi ń mọ̀ ọ́. Ó ti ń gbóná."

"Ta ló kọ́ ọ níyẹn?"

"Ọ̀gá wa. Wọ́n ní ọ̀dọ̀ yín làwọn ti kọ́ ọ."

Ìyàwó mi ní, "Ó dáa, yí mi. Baálé, ẹ di èjìká mi mú. Ẹ rọra o, èmi kì í ṣe àpò gààrí!"

Wákàtí méjì-méjì la ń yí i. Nígbà tó di ọjọ́ kẹrin, ó fa ọwọ́ mi síbẹ̀: ibẹ̀ ti tutù.

Ó ní, "Ẹ má sọ fún ọmọ Kuta yẹn pé ó mọṣẹ́ o. Èmi ni màá sọ ọ́."

Ó sì sọ ọ́, létí gbogbo wọ́ọ̀dù.