Kòkó Tí Ìgbàgbọ́ Gbà Lọ́wọ́ Òjò

Nígbà tó ku ọdún díẹ̀ ká gba òmìnira, ọkọ mi ni olórí ìjọ ní abà wa lẹ́bàá Òṣú. Ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì kan tó rí ní Òṣogbo ni kò jẹ́ kó sùn dáadáa mọ́. Owó kòkó ni yóò fi kọ́ tirẹ̀ sí Iléṣà. Síbẹ̀, ó kìlọ̀ fún ìjọ pé ọkùnrin tó bá torí kòkó jáde nínú ìsìn, owó ni Ọlọ́run rẹ̀. Kò dárúkọ obìnrin ṣá.

Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, gbogbo wa sá kòkó sórí ẹní níta, òjò sì ṣú dẹ̀dẹ̀. Àwọn ọkùnrin ń mi ẹsẹ̀, wọn ò lè dìde. Ọkọ mi ń wàásù, ojú ẹ̀ ò kúrò lójú fèrèsé. Ló bá wò mí. Mo dìde, àwọn obìnrin yòókù tẹ̀ lé mi. Òjò lù wá bí ẹni lu bàrà ká tó kó kòkó wọlé tán.

Nígbà tá a padà, omi ń kán tótó lára gèlè wa, ọkọ mi ń gbàdúrà: "Baba, a dúpẹ́ tí o fi ìgbàgbọ́ àwọn ọkùnrin yìí pa kòkó wọn mọ́."

Àmín tí wọ́n ṣe mi ilé. Aṣọ ọrùn wọn gbẹ táútáú.