Agbọ̀n Èbù Tó Ń Kọjá Odò

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo wọ takisí láti Ìkẹ́rẹ́ lọ sí oko wa. Òórùn igbó tó ń jó gba ojú fèrèsé wọlé, dẹ́rẹ́bà sì yí gíláàsì sókè. Mo ní kó jọ̀wọ́ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀. Òórùn yẹn ti gbé mi padà sí abà wa, nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án.

Ilé mẹ́fà péré ló wà níbẹ̀, mẹ́ta níhìn-ín odò, mẹ́ta lọ́hùn-ún. Bí ọyẹ́ bá ti ń bó wa létè, àwọn ọkùnrin á ṣán igbó yí àká iṣu ká, wọn á gbá ewé rẹ̀ kúrò títí ilẹ̀ á fi mọ́ bí ojúde ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn obìnrin á pọn omi kún ìkòkò ńlá tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bu mu. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á pín èbù, ìyẹn iṣu tí a fi pamọ́ láti gbìn bí òjò bá dé. Ilé kọ̀ọ̀kan á kó ìdajì tirẹ̀ lọ fún ilé kan ní òdì kejì odò, á sì gba ìdajì tiwọn wá. Iná lè jó apá kan. Kì í sábà fo odò.

Bàbá Dúpẹ́ ló ń bá wa pààrọ̀. Òun àti bàbá mi kì í sọ̀rọ̀ síra wọn. Igi ọ̀pẹ kan tó hù sórí ààlà oko wọn ló dá ìjà sílẹ̀. Wọn kì í kíra, àfi bí pásítọ̀ bá ní kí gbogbo wa bọra lọ́wọ́. Síbẹ̀, lọ́dọọdún, àwọn ìyàwó wọn á gbé agbọ̀n kọjá. Bàbá mi á ti fi èédú sàmì sára tiwa, á ní, "Kó má baà sọ pé òun ò mọ̀ ọ́n."

Lọ́dún kan, àwọn tó ń dẹ ọ̀yà ti iná bọ igbó. Afẹ́fẹ́ gbé imọ̀ ọ̀pẹ tó ń jó fo ilẹ̀ tí a gbá, ó já lé àká wa lórí. Omi inú ìkòkò gba ilé là, kò gba iṣu là. Ìyá mi ní kí bàbá mi lọ gba èbù wa lọ́dọ̀ Bàbá Dúpẹ́. Ó kọ̀. Ó dá a lójú pé wọ́n á ti jẹ ẹ́, torí iṣu kò ta dáadáa lọ́dún náà, ọmọ mẹ́jọ ló sì wà nílé yẹn. Bí èbù yẹn bá ti lọ, a ò ní ohun tí a ó gbìn, a ò sì ní ohun tí a ó jẹ lọ́dún tó ń bọ̀.

Òjò àkọ́kọ́ rọ̀. Lọ́jọ́ kejì, Bàbá Dúpẹ́ fúnra rẹ̀ ló ru agbọ̀n náà kọjá, ṣòkòtò rẹ̀ tutù dé orúnkún. Àmì èédú ṣì wà lára gbogbo iṣu inú rẹ̀. Dúpẹ́ sọ fún mi lẹ́yìn náà pé gbágùúdá nìkan ni àwọn ti ń jẹ, bàbá òun kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sún mọ́ igun tí èbù wa wà.

Ó sọ agbọ̀n kalẹ̀ níwájú bàbá mi.

"Ìjà ọ̀pẹ kò tíì parí o," ó ní. "Iṣu rẹ nìyí."

Bàbá mi fa àpótí sí i. "Jókòó."

Lóde òní, fóònù làwọn ọ̀dọ́ abà fi ń sọ ibi tí iná wà fúnra wọn, ó sì yá ju ẹsẹ̀ tí a fi ń sáré kéde rẹ̀ nígbà tiwa lọ. Ọ̀pọ̀ wọn ti kó gbogbo èbù wọn sí yàrá kan ṣoṣo nílùú. Nígbà tí mo dé oko lọ́jọ́ náà, mo bi ọmọ ẹ̀gbọ́n mi pé níbo ni tirẹ̀ wà.

"Ìdajì wà lọ́dọ̀ Àǹtí Dúpẹ́," ó nawọ́ sí òdì kejì odò.

Mo ní ọ̀rọ̀ ọ̀pẹ ńkọ́.

Ó rẹ́rìn-ín. "Ìyẹn ò tíì parí."