Ta Ló Gbé Agogo Ṣọ́ọ̀ṣì?

Ẹ jẹ́ ká dọ̀bálẹ̀ fún gbólóhùn kan tó ju gbogbo oyè lọ: "Mo ti mọ̀ tẹ́lẹ̀." Ọba ọ̀rọ̀ ni. Ẹni tó bá lè sọ ọ́ kò nílò yunifásítì, kò nílò ipò nínú ìjọ, kò tilẹ̀ nílò kó mọ nǹkan kan. Ní Kétu tiwa, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó ń sọ̀rọ̀ òjò, lẹ́nu ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ìbò, àti lẹ́nu ẹni tó jókòó ti òkú. Òun náà ló ba ìwé Mummy jẹ́, inú sì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni Mummy. Ata gbígbẹ ni wọ́n ń tà ní Mile 12 kí wọ́n tó yọ̀ ṣubú nínú ẹrẹ̀ ọjà, tí ẹsẹ̀ wọn fi kán. Látìgbà náà, orí àga nínú pálọ̀ ni wọ́n ń wà látàárọ̀ dalẹ́, tí wọ́n ń kẹ́dùn. Mo bá ra ìwé ìtàn Yorùbá kan fún wọn, ìwé apanilẹ́rìn-ín. Nínú rẹ̀, ní ìlú kékeré kan, ẹnì kan gbé agogo ṣọ́ọ̀ṣì lọ, gbogbo ìlú sì ń fura síra wọn. Bíbélì nìkan ni Mummy ń kà tẹ́lẹ̀. Wọn ò ka ìwé ìtàn kankan dópin rí.

"Èyí, màá kà á parí," ni wọ́n wí. "Kẹ́nikẹ́ni má sọ ọ́ fún mi o. Èmi fúnra mi ni màá mú olè yẹn."

Wọ́n ń fi ìka tẹ̀lé ọ̀rọ̀, ètè wọn ń mì. Bí mo bá wà ní kíṣìnì, màá kàn gbọ́ igbe: "Wá o! Télọ̀ yìí, ojú ẹ̀ ò mọ́!" Ẹ̀rín á tẹ̀ lé e. Mo ti gbàgbé pé wọ́n máa ń rẹ́rìn-ín báyẹn.

Díkónì ìjọ wọn wá kí wọn lọ́jọ́ kan pẹ̀lú àwọn ìyá méjì. Ó yẹ kí n fi "wọ́n" pọ́n ọn lé, àmọ́ ọwọ́ mi kọ̀. Mummy fi ayọ̀ sọ ìtàn agogo náà fún un. Díkónì di ojú.

"Ìyàwó pásítọ̀ ibẹ̀ ló gbé e."

"Ẹ ti ka ìwé náà ni, sà?" ni mo bi í.

"Kíkà kẹ̀? Ẹ̀mí ló fi hàn mí."

"Àmín!" ni àwọn ìyá náà wí.

"Èmi náà ti fura sí obìnrin yẹn," ni ọ̀kan nínú wọn fi kún un, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ orúkọ ìwé náà. Èkejì bẹ̀rẹ̀ àdúrà kí Ọlọ́run fọwọ́ tọ́ ọkàn ìyàwó pásítọ̀, ẹni tí ìyá kankan ò bí, tí kò nílé níbì kan àfi inú bébà.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, Mummy ki ìwé náà bọ abẹ́ tìmùtìmù àga.

"Mummy, ẹ ò kà mọ́?"

"Kí ni mo tún fẹ́ máa kà? Ọlọ́run ti sọ ọ́. Ṣé kí n máa yẹ ọwọ́ Ọlọ́run wò ni?"

Wọ́n padà sí wíwo ògiri. Lójoojúmọ́ ni mo ń rí etí ìwé náà lábẹ́ tìmùtìmù, tí ìbínú mi ń ru bí omi ẹ̀wà. Mo mọ̀ pé irọ́ ni, torí mo ti yọ́ ojú ìwé tó gbẹ̀yìn kà nílé ìtàwé. Ọjọ́ kan, mi ò lè pa á mọ́ra mọ́.

"Mummy, irọ́ gbuu ni Díkónì pa! Kì í ṣe ìyàwó pásítọ̀!"

Wọ́n dìde jókòó dáadáa. "Hẹ̀n-ẹ́n? Ta wá ni?"

Ọwọ́ wọn ti ń wá ìwé lábẹ́ tìmùtìmù. Kí n ṣáà ti pa ẹnu mi dé ni ó kù.

"Bàbá tó ń lu agogo ni!" ni mo wí. "Ó gbé e pamọ́ fúnra ẹ̀, torí apá ẹ̀ ò lágbára mọ́, kò sì fẹ́ kí wọ́n mọ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ ìwé ni mo ti dá a mọ̀!"

Ọwọ́ Mummy dúró. Wọ́n fà á yọ láìmú ìwé.

"Ó dáa," ni wọ́n wí. "O ṣeun."

Díkónì ni mo ń bú káàkiri àdúgbò. Irọ́ tirẹ̀, ká ní Mummy kàwé síwájú ni, ìwé ì bá tú u fó. Èmi ni mo sọ òótọ́ fún wọn, tí kò fi ku nǹkan tí wọ́n á tún kà.