Ọ̀sẹ̀ Mẹ́ta Tí Magdalene Kò Fi Wọ Odò

Etí omi nílẹ̀ Ìlàjẹ ni wọ́n bí Magdalene sí. Kó tó mọ ìwé kà ló ti mọ bí a ṣe ń lúwẹ̀ẹ́. Ọkọ rẹ̀, Olúrótìmí aránṣọ, ló gbé e wá sí Agbabu, ìgbà tó sì rí i pé odò ńlá ń ṣàn létí ìlú, ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Nígbà tó lé láàádọ́ta ọdún, tí orúnkún bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, odò yìí ló di oògùn rẹ̀. Bó bá ti kúrò nídìí ẹ̀gẹ́ tó ń bó nírọ̀lẹ́, á wọ ṣòkòtò onírọ́bà kan tó fún pinpin, á bọ́ sómi, á lúwẹ̀ẹ́ dé òdìkejì, á sì padà. Lórí ilẹ̀, ó ń tiro; nínú omi, ọmọge ni.

Àfi bí ojú ara rẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í yún un. Ó kọ́kọ́ rò pé èèrà ló bù ú jẹ. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, ó ń ta á bí ata bó bá ń tọ̀, ohun funfun kan sì ń jáde, ó ki bí ògì tí wọ́n ti da omi orí rẹ̀ nù. Ó fi omi iyọ̀ gbígbóná fọ̀ ọ́. Ó fi ọṣẹ dúdú fọ̀ ọ́. Ó tún da oògùn apakòkòrò sómi, ó jókòó sínú rẹ̀, omijé bọ́ lójú rẹ̀. Bó ṣe ń fọ̀ ọ́ ló ń le sí i. Odò ló dá lẹ́bi, kò sì débẹ̀ mọ́.

Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, orúnkún rẹ̀ gan bí igi. Nílé àdúrà, obìnrin tí í jó ju gbogbo ẹgbẹ́ akọrin lọ wá ń jókòó sẹ́yìn.

“Ìyá Bọ́látitó, ta ló ṣẹ̀ ọ́?” Olúrótìmí bi í láàárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè kan.

“Kò sẹ́ni tó ṣẹ̀ mí.”

“Odò ńkọ́? Ṣé òun ló ṣẹ̀ ọ́?”

Ni Magdalene bá bú sẹ́kún. Ó ṣàlàyé gbogbo rẹ̀, ilẹ̀ ló ń wò bí ọmọ tó fọ́ àwo. Ọkọ rẹ̀ kò fajú ro. Ó wọ́ àga sún mọ́ ọn.

“Èmi sì ti rò pé ọ̀rọ̀ mi ló sú ọ,” ló wí. Ó jáde lọ nu ọ̀kadà rẹ̀, wọ́n sì lọ sílé ìwòsàn kan ní Òrè.

Nọ́ọ̀sì tó gbà wọ́n, Loveth, kò ju Bọ́látitó ọmọ wọn lọ. Magdalene kò lè wo ojú rẹ̀ sọ ohun tó ń ṣe é. Nọ́ọ̀sì náà ti ilẹ̀kùn, ó yí àga tirẹ̀ kọjú sí fèrèsé.

“Ẹ máa sọ ọ́ sí ògiri, mà. Mò ń gbọ́.”

Bó ṣe rí ọ̀rọ̀ sọ nìyẹn. Loveth yẹ̀ ẹ́ wò, ó yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò bóyá ìtọ̀ ṣúgà ni, kò sí.

“Ṣé ẹ lo oògùn kankan láìpẹ́ yìí?”

“Eyín ló dùn mí. Kápúsù ni wọ́n fún mi ní kẹ́míìsì, mo lò ó fún ọjọ́ méje.”

“Bí ẹ bá jáde lódò ńkọ́?”

“Aṣọ tútù yẹn náà ni mo fi ń dáná oúnjẹ alẹ́.”

“Ó ti yé mi. Ohun kan wà bí ìwúkàrà tó ń gbé lára ọ̀pọ̀ obìnrin, kì í yọni lẹ́nu. Kápúsù yẹn ti pa àwọn kòkòrò rere inú ara tó ń ṣọ́ ọ, aṣọ tútù tó fún sì tẹ́ ẹ lọ́rùn, ló bá ń pọ̀ sí i. Kì í ṣe ẹ̀gbin, kì í ṣe ìṣekúṣe. Odò kọ́ ló ṣẹ̀ yín. Fífọ̀ tí ẹ ń fọ̀ ọ́ yẹn ló sì ń bó yín lára.”

“Ṣé n ó tún lè lúwẹ̀ẹ́?”

“Kí ló dé tí ẹ kò ní lè lúwẹ̀ẹ́? Ẹ jẹ́ kó san ná. Alẹ́ mẹ́fà lẹ ó fi oògùn yìí sójú ara. Kí bàbá ní sùúrù. Omi lásán ni kí ẹ fi máa fọ ìta, ẹ má fọ inú rárá. Pátá òwú tí kò fún ni kí ẹ máa wọ̀. Bí ẹ bá sì ti ń jáde lódò, ẹ bọ́ aṣọ tútù, ẹ nu ara yín gbẹ. Ní báyìí, ẹ máa rìn, kí orúnkún yín lè nà.”

Láti ọjọ́ kejì ni Olúrótìmí, tí kì í rìn kọjá ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, ti ń bá a rìn láàárọ̀ dé ibi tí oko kòkó ti bẹ̀rẹ̀. Ẹsẹ̀ ń ro ó, kò sọ. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì yẹn, ó na téèpù.

“Dìde, jẹ́ n wọ̀n ọ́.”

“Kí lẹ fẹ́ rán?”

“Pátá.”

Magdalene rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Ọgbọ̀n ọdún nídìí iṣẹ́, Olúrótìmí kò rán pátá rí. Ẹ̀ẹ̀mejì ló tú èkíní. Ó rán mẹ́fà, gbogbo wọn aṣọ òwú funfun, ó sì rán ẹ̀wù gbàgẹ̀rẹ̀ kan tí ìyàwó rẹ̀ lè pààrọ̀ aṣọ lábẹ́ rẹ̀ létí odò.

Ní ọjọ́ kẹrin, ìyún náà ti lọ, ṣùgbọ́n ó lo oògùn náà tán. Ní ìrọ̀lẹ́ tó padà sódò, omi tutù. Olúrótìmí dúró létí odò, ó kọ̀yìn sí i, ó di ẹ̀wù gbàgẹ̀rẹ̀ náà mú bí ọlọ́pàá tó ń ṣọ́ báńkì.

Ìyún náà tún dé lẹ́ẹ̀kan sí i nígbà ọyẹ́. Magdalene dá lọ bá Loveth, ojú ló fi wo ojú.

Nínú oṣù kẹta, nípàdé àwọn obìnrin nílé àdúrà, ó rí Olúwaṣèyífúnmi, ìyàwó tuntun kan, tí kò lè jókòó jẹ́ẹ́, tó ń fún itan méjèèjì pọ̀. Ó fà á jáde sẹ́yìn ilé.

“Ṣé ó ń yún ọ ni?”

Ọmọbìnrin náà mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni, omi ti lé ròrò sí i lójú.

“Nu ojú rẹ, ọmọ mi. Lọ́la, a ó jọ lọ sí Òrè.”